Ojú Mùlíkátù Lára Bàbà

Ní ilé iṣẹ́ kan ní Ìgbògbò, Sàlímọ́nù àti Nathaniel ń fi iná bátìrì fín àwòrán sára bàbà pẹlẹbẹ. Nathaniel ló mọ àwòrán yà. Yóò fi ìda bo bàbà, yóò sì fi abẹ́rẹ́ fa ìlà sára ìda náà. Sàlímọ́nù ló ni iṣẹ́ omi. Yóò ri bàbà bọ inú omi olóògùn aláwọ̀ aró, yóò so wáyà pupa mọ́ ọn, iná yóò sì máa jẹ ibi tí abẹ́rẹ́ gbà kọjá. Lẹ́yìn náà ni wọn yóò fi íńkì kún ojú ìlà, tí wọn yóò tẹ̀ ẹ́ sórí bébà.

Munirah, ọmọ Sàlímọ́nù, ló bi bàbá rẹ̀ pé báwo ni ìyá òun ṣe rí. Wọn kò tíì já a lẹ́nu ọmú nígbà tí Mùlíkátù, ìyá rẹ̀, kú. Bàbá rẹ̀ kò rí nǹkan kan fi hàn án. Ẹlẹ́hàá ni Mùlíkátù. Kò gbà kí wọ́n ya òun ní fọ́tò, ojú rẹ̀ kò sì hàn sí ọkùnrin kankan bí kò ṣe ọkọ rẹ̀ àti ẹbí rẹ̀.

“Mi ò mọ ojú ìyàwó ẹ o,” ni Nathaniel wí. “Ohùn ẹ̀ nìkan ni mo mọ̀, láti ẹ̀yìn kọ́tìnnì.”

Bẹ́ẹ̀ ni. Nígbà ayé Mùlíkátù, tí iṣẹ́ kì í bá jẹ́ kí Sàlímọ́nù lè dé ilé rẹ̀ ní Ẹ̀pẹ́, Nathaniel, ará Ìlàjẹ tó ń gbé ní Agbówà, ló máa ń bá a gbé oúnjẹ lọ. Tó bá padà dé, á ní ìyá Munirah ní kí òun kí i.

“Èmi á máa sọ,” ni Sàlímọ́nù wí, “ìwọ máa yà á.”

Ó sọ nípa iwájú orí tó yọ díẹ̀, ojú tó tóbi, àgbọ̀n tó ṣe ṣóńṣó. Nathaniel ń yà á ní òdì, kó lè bọ́ sípò lórí bébà.

“Ṣé bó ṣe rẹwà tó nìyí,” ni Nathaniel bi í, “àbí ìfẹ́ ló ń bá ẹ sọ̀rọ̀?”

Sàlímọ́nù rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ẹkún gbọ̀n ọ́n, kò lè sọ̀rọ̀ mọ́. Abẹ́rẹ́ Nathaniel kò dúró.

Omijé ṣì bo ojú Sàlímọ́nù nígbà tó so wáyà. Ó so ó ní òdì. Dípò kí iná jẹ bàbà, ńṣe ló ń kó bàbà tuntun jọ sójú ìlà, ojú Mùlíkátù sì wú, ó bàjẹ́. Sàlímọ́nù káwọ́ lérí.

Nathaniel fa bàbà mìíràn yọ. “Lọ kírun ẹ. Màá tún un yà.”

Nígbà tí Sàlímọ́nù fi máa ti mọ́ṣáláṣí dé, àwòrán ti parí.

Lọ́tẹ̀ yìí, ó yẹ wáyà wò dáadáa. Nígbà tí wọ́n ṣí bébà lára bàbà, Mùlíkátù ń wò ó. Sàlímọ́nù dì mọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀.

“Ọlọ́run á bá mi san án fún ẹ.”

Nathaniel fọ íńkì ọwọ́ rẹ̀, ó sì kọrí sí Agbówà.

Sàlímọ́nù sá bébà náà kó lè gbẹ. Ìgbà náà ló rí àbàwọ́n dúdú kan lẹ́yìn etí ọ̀tún, níbi tí irun ti bẹ̀rẹ̀. Ó rò pé ìda ló ṣí níbẹ̀, tí iná fi jẹ ibi tí kò yẹ kó jẹ. Ó máa ń ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó mú bàbà náà, kó lè dán ibẹ̀ kí ó tó tẹ òmíràn fún Munirah. Ó gbé e lọ sẹ́nu ọ̀nà, sínú oòrùn. Kì í ṣe ìda ló ṣí. Ìlà abẹ́rẹ́ ni, tín-ín-rín, tí wọ́n fara balẹ̀ tò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Àpá iná tí Mùlíkátù ti ní láti kékeré ni, abẹ́ irun ló wà, Sàlímọ́nù kò sì dárúkọ rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni rí.