Wọkitọ́kì Tí Mo Fi Ránṣẹ́ sí Bàbá

"Bàbá, ṣé ẹ ń gbọ́ mi? Ṣàkírù ni."

Ọdún 1993 ni. Mo wà ní ṣọ́ọ̀bù mi l'Álàbá, mò ń fi wọkitọ́kì pe bàbá mi n'Ìbà.

Méjì ni mo rà, mo fi ọ̀kan ránṣẹ́ sí wọn; oníbáǹdì méjì ni, ìyẹn ọ̀nà méjì tí ohùn ń gbà. Bí báǹdì kan ò bá dé ọ̀dọ̀ wọn, èkejì á dé.

Mo yí i sí èkejì. Wọn ò dáhùn.

Ọjọ́ kẹrin rèé tí mo ti ń pè wọ́n. Wọ́n ń bínú ni, torí mi ò yọjú láti Iléyá. Èmi náà ò níí lọ!

Lọ́jọ́ karùn-ún, ará ilé wọn, Màmá Fọláyẹmí, fẹkún wọ ṣọ́ọ̀bù mi: "Bàbá ti kú."

Nígbà tí a dé ilé wọn n'Ìbà, mo ṣí àpótí wọn. Wọkitọ́kì ṣì wà nínú páálí, ọ̀rá ò kúrò lára ẹ̀.

"Bàbá ní ká má fọwọ́ kàn án," ni Màmá Fọláyẹmí wí. "Wọ́n ní ọmọ àwọn ló máa wá tàn án."