Kòkó Tí Kò Rẹ́ Àgbẹ̀ Jẹ

Ó ti rẹ Ìbídùn kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, síbẹ̀ ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ kòkó níwájú ilé ìkàwé yunifásítì, ó ń pe àwọn akẹ́kọ̀ọ́.

"Ẹ wá mu kòkó tí kò rẹ́ àgbẹ̀ jẹ. Ẹ sanwó, ẹ kí àgbẹ̀ kú iṣẹ́, ẹ̀rọ á ṣí."

Bọ́ládalẹ̀ ló kọ́kọ́ sanwó. Ojú Baba Akínnáwọ̀, àgbẹ̀ tó gbin kòkó náà, yọ nínú fídíò lára ẹ̀rọ láti Ìdànrè. Orí ẹní ló jókòó sí, kò dé fìlà.

"Baba, ẹ ò lọ sóko lónìí?"

"Mi ò lọ, ọmọ mi. Àná la sin ìyá àwọn ọmọ mi."

Bọ́ládalẹ̀ sọ báàgì rẹ̀ kalẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀. "Ẹ kú ará fẹ́ra kù, Baba. Ọlọ́run á tù yín nínú."

Ẹ̀rọ kò ṣí.

"Ọ̀rẹ́, kí wọn kú iṣẹ́ jàre," ẹnìkan wí lẹ́yìn. "A ní kíláàsì."

"Ta ló ń kí ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ kú iṣẹ́?" Bọ́ládalẹ̀ bi í.

Ìbídùn sorí kọ́. Bí ẹ̀rọ kò bá ṣí, owó náà kò ní dé ọwọ́ Baba.

Baba fọwọ́ nu ojú rẹ̀. "Mo ti gbọ́ tìrẹ, ọmọ mi, o ṣeun. Wàyí o, kí mi kú iṣẹ́. Ẹ̀rọ yẹn ò mọ̀ pé èèyàn ń kú."

"Ẹ kú iṣẹ́, Baba."

"A dúpẹ́."

Ife kún. Ìlà ṣì gùn dé ẹnu géètì. Omidan tó kàn sanwó, ó kúnlẹ̀, ó sì kí Baba kú iṣẹ́ bí ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀.