Ohun Tó Wà Lẹ́yìnkùlé

Ṣọ́bìrì akẹ́kọ̀ọ́ kan ró gbàn-án lára irin lẹ́yìnkùlé wọn ní Thamesmead, ní London. Ó ju ṣọ́bìrì náà sílẹ̀. Olùkọ́ wọn ní yunifásítì ló ní kí oníkálùkù bu erùpẹ̀ ilẹ̀ tó jẹ́ tiẹ̀ wá, kó sì kọ ìtàn ẹ̀. Wọ́n sì ti máa ń sọ pé bọ́ǹbù ogun àtijọ́ ṣì wà lábẹ́ àdúgbò yìí.

“Mummy, ẹ má sún mọ́ mi! Bọ́ǹbù ni!”

Ìyá ẹ̀ ti kúnlẹ̀. Ọwọ́ lásán ló fi wú agolo mílíìkì kan jáde, ó ti dípẹtà.

“Bọ́ǹbù wo? Ìwọ́ ẹ ló wà nínú ẹ̀, èyí tí wọ́n gé nígbà tí mo bí ẹ. Ọjọ́ tó já ni mo sin ín síbí.”

Ìwé akẹ́kọ̀ọ́ náà ṣí sílẹ̀ lórí koríko. Ìlà kan ṣoṣo tó tíì kọ ni: “Èmi ò ní ilẹ̀ kankan ní London.”