Ọkọ̀ Tí Ìwé Ní Ó Gúnlẹ̀

Àwọn ọmọ so ọkọ̀ ọlọ́pọ́n wọn mọ́ fèrèsé òkè ilé ìkàwé tí omi ti bo ìsàlẹ̀ rẹ̀, wọ́n wọlé, wọ́n sì jókòó yí Ìyáàfin Olúfúnwá, òṣìṣẹ́ ibẹ̀, ká. Ó gbé ìwé sórí tábìlì, ìwé sì ń ka ìtàn ọkọ̀ Taitániìkì fúnra rẹ̀. Nígbà tí ìwé náà kà á dé ibi tí òkè yìnyín ti ya ọkọ̀ náà lẹ́gbẹ̀ẹ́, ohùn rẹ̀ rọ̀, bí òfin ìjọba tí kò jẹ́ kí ìwé sọ̀rọ̀ ikú fún ọmọdé ti wí: "Ọkọ̀ ńlá náà sì gúnlẹ̀ sí ìsàlẹ̀ òkun."

Ìbíyẹmí gbójú sókè. "Àǹtí, bí ọkọ̀ bá gúnlẹ̀, ṣebí èrò á sọ̀ kalẹ̀? Wọ́n ní ọkọ̀ bàbá mi náà gúnlẹ̀ sínú ọ̀sà. Kí ló dé tí kò tíì wálé?"

Ìyáàfin Olúfúnwá rántí ọkọ tirẹ̀. Nígbà tí ó kú, àwọn ẹbí ní ó rìnrìn àjò ni, òun sì ń bu oúnjẹ rẹ̀ sílẹ̀ títí ọdún fi yí po.

Ó pa ìwé dé.

"Ẹ rọra o, Ìyáàfin," ni Tàlàbí, ọ̀gá ilé ìkàwé, wí. "Ìwé yẹn ń gbọ́. Iṣẹ́ yín ni ìjọba á gbà."

"Kí ó gbọ́ dáadáa, ọ̀gá." Ó fa ọmọ náà mọ́ra. "Ó rì ni, ọmọ mi. Ọkọ̀ bàbá rẹ náà rì. Kò ní wálé mọ́."

Ìbíyẹmí sunkún, kò sì sẹ́ni tó ní kó dákẹ́. Nígbà tó yá, ó nu ojú rẹ̀.

"Ẹ sọ bí ó ṣe rì fún mi," ni ó wí. "Ẹ má fi nǹkan kan pamọ́."