Ọ̀rọ̀ Àwọn Olóyin Tí Kò Dé Washington

Ní ìlú kékeré kan ní South Dakota ní Amẹ́ríkà, ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Delbert Skogen. Ẹnu rẹ̀ dùn, ṣùgbọ́n ẹni fònídónìí-fọ̀ladọ́la ni. Kò sí iṣẹ́ tí kì í gbà, kò sì sí èyí tó ń ṣe parí. Òun ni alága ẹgbẹ́ àwọn tó ń sin oyin, nítorí ó máa ń fọ́nnu pé òun mọ àwọn ènìyàn ní Washington, olú ìlú ibi tí ìjọba wà. Marlys Ketterling, opó kan tó jogún àpótí oyin lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀, wà lára àwọn tó dìbò fún un. Ìbò náà ṣì ń dùn ún títí dòní.

Nígbà ìwọ́wé ọdún kan, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń ṣe ìwádìí lọ́dọ̀ àwọn àgbẹ̀ kéde pé òun fẹ́ gé ìwádìí ọdọọdún nípa oyin kúrú. Wọ́n fẹ́ yọ ìbéèrè tó ń béèrè iye oyin tó kú nígbà òtútù. Wọ́n ní ó ń gba àkókò àgbẹ̀ jù. Kí wọ́n tó fọwọ́ sí i, wọ́n fún gbogbo ará ìlú ní oṣù méjì láti sọ èrò wọn.

Inú bí àwọn olóyin. Ìdáhùn sí ìbéèrè yẹn ni ìjọba fi ń mọ ibi tí òfò ti ṣẹ̀, kí ìrànwọ́ tó jáde. Wọ́n pàdé ní yàrá ìsàlẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ń mu kọfí, kálukú sì kọ ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Marlys kọ nípa ọdún tó ṣí àpótí rẹ̀ nígbà tí yìnyín yọ́, tó bá òkú oyin nísàlẹ̀ bí ìyàngbò.

Delbert na ọwọ́. "Ẹ kó gbogbo rẹ̀ wá. Èmi ni màá fi ránṣẹ́ lórúkọ ẹgbẹ́. Bí wọ́n bá ti rí orúkọ mi báyìí, wọ́n á jókòó dáadáa."

Ẹnu dùn-ún ròfọ́. Ọ̀sẹ̀ kan kọjá, òmíràn tẹ̀ lé e. Marlys pè é lórí fóònù.

"Delbert, ṣé o ti fi ọ̀rọ̀ wa ránṣẹ́?"

"Kí ló ń lé ọ? Àyè ṣì wà. Àsìkò yìí gan-an ni ẹja ń jẹun lódò."

"Ẹja kẹ̀! Iná wà lórí òrùlé, ò ń sọ̀rọ̀ ẹja?"

"Marlys, o ò jẹ́ kéèyàn sinmi. Ká kúkú fi ọ́ jẹ ààrẹ." Ó rẹ́rìn-ín, ó sì gbé fóònù sílẹ̀.

Nígbà tí Marlys tún pè, Delbert ti lọ ṣọdẹ pẹ́pẹ́yẹ igbó. Nígbà tí Marlys wá a lọ sílé, ìyàwó Delbert ní ó ti lọ wo bọ́ọ̀lù. Ó kù díẹ̀ kí oṣù méjì náà pé ni Marlys ká a mọ́ ilé epo.

"Kó wọn fún mi, Delbert. Èmi á fi ránṣẹ́ fúnra mi."

"Mo ti fi ránṣẹ́. Àná ni." Kò wo ojú rẹ̀.

Ọkàn Marlys kò balẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti sú u láti máa lé àgbàlagbà kiri bí adìẹ. Ó wakọ̀ lọ sílé.

Òtútù ọdún yẹn kò ṣàánú ẹnikẹ́ni. Nígbà tí yìnyín yọ́, àpótí tó dákẹ́ pọ̀ ju èyí tó ń kùn lọ. Marlys pe ilé iṣẹ́ ìjọba láti béèrè ìrànwọ́.

"Ẹ má bínú, mà," ni ọmọbìnrin tó gbé fóònù wí. "A ò ní àkọsílẹ̀ òfò kankan lọ́dún yìí. A ti yọ ìbéèrè yẹn."

"Ṣebí ẹgbẹ́ olóyin wa ní kí ẹ má yọ ọ́!"

Marlys gbọ́ tí ọmọbìnrin náà ń tẹ kọ̀ǹpútà. "Mo ti wò ó, mà. Ẹgbẹ́ yín ò sọ nǹkan kan. Gbangba ni gbogbo ọ̀rọ̀ tó wọlé wà lórí ayélujára, ẹ̀yin náà lè wò ó."

Marlys wò ó. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, ti ilé iṣẹ́ kan tó ń ta oògùn apakòkòrò, irú èyí tó máa ń pa oyin náà. Wọ́n ní ìbéèrè náà kò wúlò fún ẹnikẹ́ni. Marlys fi ọwọ́ gbá tábìlì títí ọwọ́ fi ń ta á.

Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òótọ́ yóò bá a. Ẹgbẹ́ tún pàdé. Rollie Behm, tó ti ń sin oyin ṣáájú gbogbo wọn, dìde.

"Delbert, ọ̀rọ̀ wa dà?"

"Kọ̀ǹpútà mi ló..."

"Irọ́!" ni Marlys ké. "Ojúkojú lo sọ fún mi pé o ti fi ránṣẹ́!"

Delbert dorí kodò. "Mo fẹ́ ṣe é lọ́jọ́ yẹn gan-an ni. Mo gbàgbé. Nígbà tí mo máa rántí, oṣù méjì náà ti pé. Àbí ta tiẹ̀ ni ń ka irú ẹ̀ ní Washington?"

"Lọ bi àwọn tó ń ta oògùn," ni Rollie dá a lóhùn. "Àwọn mọ ẹni tó ń kà á."

Wọ́n yọ ọ́ nípò alága lójú ẹsẹ̀. Púpọ̀ nínú oyin tirẹ̀ náà ti kú, kò sì sí ìrànwọ́ fún òun náà. Nígbà tó di ọdún kejì tí wọ́n ń kó ìwọ̀nba oyin tó kù lọ sí oko álímọ́ńdì ní California, níbi tí àwọn àgbẹ̀ ti ń sanwó kí oyin lè mú igi wọn so, kò sẹ́ni tó gbà kí àpótí rẹ̀ wọ ọkọ̀ òun. Ó ta gbogbo rẹ̀ lọ́pọ̀. Lónìí, àgbá oyin olóyin ló ń fọ̀ ní ìlú kejì, bó bá sì la ẹnu ráhùn, àwọn tí wọ́n jọ ń fọ̀ ọ́ á ní, "Fi ránṣẹ́ sí Washington." Marlys pàápàá ta lára ilẹ̀ ọkọ rẹ̀. Kò tíì bá Delbert sọ̀rọ̀ láti ìgbà náà.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹni tí kò lè jẹ́ iṣẹ́, kó má gbà á. Ẹni tó sì gbàgbé iṣẹ́ tí a rán an, kó tètè jẹ́wọ́ nígbà tí àtúnṣe ṣì wà, nítorí irọ́ tó fi bo ìmẹ́lẹ́ rẹ̀ ló ń pa ará ilé àti ará oko. Ṣùgbọ́n kí àwa tó kù náà gbọ́: nígbà tí ìjọba bá béèrè èrò wa, ká má di ẹnu wa sínú àpò ẹlòmíràn. Ẹni tó dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Ẹni tó sì fẹ́ ibi fún un kì í pẹ́ sọ̀rọ̀.