Òrùka Ara Òmìrán

Láníyọnu ti pa òmìrán inú géèmù orí fóònù rẹ̀ títí àtàǹpàkò fi ń ro ó. Wọ́n ní bí orí bá gbe ẹni tó pa á, òrùka wúrà á bọ́ lára òmìrán náà. Òrùka ò bọ́.

"Olè ni ẹ́!" ló máa ń pariwo mọ́ òmìrán náà.

Lálẹ́ yìí, òmìrán kò jà. Ó kúnlẹ̀, ó yí àpò sòkòtò rẹ̀ síta. Fóònù tí Láníyọnu ti yí ohùn rẹ̀ sílẹ̀ pátápátá sọ̀rọ̀.

"Ẹ yẹ ara mi wò, ẹ̀gbọ́n. Ẹ wá wo àpò tiyín."

Ó wo àpò tirẹ̀ nínú géèmù. Òrùka wà níbẹ̀, eruku ti bò ó.

Ìyàwó rẹ̀ yíjú padà lórí ibùsùn. "Bàbá Tọ́mi, ta ló ń bẹ̀ yín báyẹn?"

"Kò séèyàn kankan."

Ó fi ìrọ̀rí bo fóònù náà. Lábẹ́ ìrọ̀rí, ẹnì kan mí kanlẹ̀.