Ẹni Tó Bá Ọdẹ́túndé To Ìbọn

Ilẹ̀ ti ṣú, òjò ń rọ̀. Ọdẹ́túndé tú ìbọn ológun àtijọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rà sílẹ̀ lórí ẹní, ó ń fi àkísà àti epo nù ún. Ọkùnrin kan tó wọ aṣọ ṣójà wọlé láìkan ilẹ̀kùn. Ara rẹ̀ gbẹ táútáú.

“Ẹ kú iṣẹ́, bàbá. Ẹ jẹ́ kí n bá yín tò ó.”

Ọdẹ́túndé fẹ́ dìde, ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ̀. Àlejò náà to ìbọn pọ̀ láìwò ó. Ó tu ọta kan jáde lẹ́nu, ó sì tì í bọ inú ìbọn náà.

“Bàbá, ta ni kí n pa?”

Ṣubúọlá, ìyàwó Ọdẹ́túndé, pè láti ilé ìdáná: “Bàbá Mojí, ta lẹ ń bá sọ̀rọ̀?”

Àlejò náà yíjú síbẹ̀. Ọdẹ́túndé lanu láti kígbe pé kó má wá, ṣùgbọ́n ohùn kò jáde. Ìró sálúbàtà Ṣubúọlá ń bọ̀.